Ife-ẹ̀yẹ Heineken 1997 sí 1998: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ọdún tí Bath gba ife rọ́gíbì Yúróòpù

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ Bath fi àmì kan ṣoṣo borí Brive, 19 sí 18. Ọkùnrin méjì tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Èkó, wà lára àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bẹ̀rẹ̀ eré fún Bath lọ́jọ́ náà. Àwa tí a lè ka gbogbo ọmọ wa tó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù láìwo ìwé kì í sábà dárúkọ àwọn méjì yìí, ó sì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè nípa ọdún náà jọ síhìn-ín.

Ìdíje wo là ń sọ gan-an?

Ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ rọ́gíbì tó lágbára jù ní Yúróòpù ti ń pàdé ni. Ọdún 1995 ló bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń darí rọ́gíbì lágbàáyé jókòó ní Paris, tí wọ́n sì gbà pé kí wọ́n máa sanwó fún àwọn eléré. Kó tó dìgbà náà, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń jẹun. Olùkọ́ wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà, dókítà wà. Ilé iṣẹ́ ọtí bíà Heineken ló gbówó kalẹ̀, òun náà ló sì fún ife ní orúkọ. Òfin ilẹ̀ Faransé kò fàyè gba kí wọ́n máa fi eré ìdárayá polówó ọtí, nítorí náà H Cup ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìgbà kẹta ìdíje náà là ń sọ níbí. Toulouse ló gba ti àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n borí Cardiff 21 sí 18 lẹ́yìn àfikún àsìkò. Brive gba ìkejì, wọ́n na Leicester 28 sí 9. Ilẹ̀ Faransé nìkan ni ife náà mọ̀ títí di ìgbà yẹn.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa rọ́gíbì. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó máa kà á lọ?

Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, ìṣẹ́jú 80 sì ni eré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ gbá a, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú sí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jù ú síwájú. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìgbẹ̀yìn àwọn alátakò tó sì fi kan ilẹ̀ ti gba tiráì, ìyẹn àmì 5. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún láǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá fún àmì 2 sí i. Pẹnáritì tó bá wọlé jẹ́ àmì 3. Wọ́n tún lè jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbá a sí òpó. Drop nìyẹn, àmì 3 ni òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi scrum kún un, torí a máa padà sórí rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dì mọ́ra wọn ní ìlà mẹ́ta, wọ́n á tẹ̀ba, wọ́n á fi èjìká ko ti ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á sì máa ti ara wọn kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sáàárín lè bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Nínú ìlà iwájú, àwọn méjì tó wà ní ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń pè ní prop. Ọrùn àti ẹ̀yìn wọn ni gbogbo ìwúwo yẹn ń dé sí.

Ẹgbẹ́ mélòó ló kópa lọ́dún náà?

Ogún. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún, mẹ́rin mẹ́rin. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ inú ìsọ̀rí pàdé lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti lẹ́yìn odi. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní: Toulouse, Leicester, Leinster àti Milan. Ìkejì: Wasps, Glasgow, Swansea àti Ulster. Ìkẹta: Bath, Brive, Pontypridd àti Scottish Borders. Ìkẹrin: Harlequins, Cardiff, Munster àti Bourgoin. Ìkarùn-ún: Pau, Llanelli, Treviso àti Caledonia.

Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀ á kọjá tààrà sí ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Àwọn márùn-ún tó ṣe ipò kejì, pẹ̀lú ẹni tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta, á kọ́kọ́ gbá eré àfikún láàárín ara wọn fún àyè mẹ́ta tó kù. Ètò yìí gùn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé rẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí Brive kú ní oṣù kẹwàá, òun náà ló sì gbé wọn padà síwájú Bath.

Ta ni Adédayọ̀ Adébáyọ̀?

Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1970. Ó lọ sí Kelly College ní Devon, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bath ni ó ti di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Wíngà ni: etí pápá ni ibùgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sáré, ó sì gbọ́dọ̀ lè dá ẹni tó ń sáré bọ̀ wá bá a dúró, torí kò sí ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ àfi ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá.

Kí ọdún tí à ń sọ yìí tó dé, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ife Àgbáyé rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje àkọ́kọ́, ní Edinburgh, ní ọdún 1993. Andrew Harriman ni balógun ẹgbẹ́ náà, Èkó sì ni wọ́n bí òun náà sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìgbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ife àgbáyé kankan nínú rọ́gíbì àwọn ọkùnrin, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó ló ṣáájú, ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Adébáyọ̀ wọ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún 1996 sí 1998.

Victor Ubogu ńkọ́? Ṣé Yorùbá ni?

Èkó ni wọ́n bí i, ní ọdún 1964. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, mi ò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ràn eré rẹ̀ sọ ọ́ di Yorùbá. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó tó bẹ́ẹ̀. Devon náà ló ti kàwé, ní West Buckland, kó tó lọ sí Oxford. Prop ni, ó gbá eré 24 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní Gúúsù Áfíríkà fún Ife Àgbáyé ọdún 1995.

Àwọn kan máa ń fi ojú ẹni tó tóbi tó sì wúwo lásán wo prop. Ubogu kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba bọ́ọ̀lù ní gbangba pápá, á sì gbé e sáré lọ bí ẹni pé ẹnìkan kò sọ fún un pé iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́yìn ni, ìyẹn àwọn méje tí kì í wọ scrum. Àwọn kan bá a wí nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó ṣáájú àkókò rẹ̀ ni, nítorí ohun tí gbogbo prop ń ṣe lónìí nìyẹn.

Irú ẹgbẹ́ wo ni Bath nígbà náà?

Ẹgbẹ́ tó ti jẹ ọba nígbà tí kò sí owó oṣù, tí kò sì dá a lójú mọ́ pé òun ṣì jẹ́ ọba nígbà tí owó dé. Láàárín ọdún 1984 sí 1996, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n gba ife ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹfà. Inú ìlú kékeré ni pápá wọn wà, létí odò Avon, àwọn ará ìlú sì ń pè é ní the Rec. Nígbà tí ìdíje di ti owó, àwọn olówó ńlá wọ inú ẹgbẹ́ mìíràn. Newcastle tí Sir John Hall ń náwó lé lórí ló gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà 1997 sí 1998 yẹn.

Andy Robinson, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Bath tẹ́lẹ̀, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Clive Woodward tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ kúrò lọ́dún 1997 láti lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó kù lórí pápá kì í ṣe ọmọdé: Jeremy Guscott, tí drop rẹ̀ ní Durban nínú oṣù kẹfà ọdún 1997 jẹ́ kí British Lions (ẹgbẹ́ àṣàyàn láti Bìrìtìkó àti Ireland) borí Gúúsù Áfíríkà 18 sí 15, Ieuan Evans ará Wales, Mike Catt tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, Dan Lyle ará Amẹ́ríkà, àti Andy Nicol ará Scotland tó jẹ́ balógun wọn.

Wàhálà kan tún bẹ́ sílẹ̀ bí àṣekágbá ṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú eré ife abẹ́lé pẹ̀lú London Scottish, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀kan nínú àwọn prop Bath pé ó gé alátakò rẹ̀ jẹ ní etí. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Ìgbẹ́jọ́ kò tíì parí nígbà tí ẹgbẹ́ ń múra àtilọ sí Bordeaux. Lẹ́yìn àṣekágbá ni wọ́n fòfin de eléré náà fún oṣù mẹ́fà.

Brive náà ńkọ́?

Ìlú kékeré ni Brive, ní àárín gbùngbùn ìwọ̀ oòrùn gúúsù Faransé, níbi tí rọ́gíbì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ọjà. Wọn kì í ṣe Paris, wọn kì í ṣe Toulouse. Síbẹ̀, àwọn ló di ife mú nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀. Alain Penaud ni balógun, Christophe Lamaison ni ẹni tó ń gbá pẹnáritì, Philippe Carbonneau ń darí eré láti ẹ̀yìn scrum, David Venditti àti àwọn Carrat méjèèjì, Sébastien àti Jérôme, wà lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bath ni mo ń tẹ̀lé.

Ìjà wo ló ṣẹlẹ̀ láàárín Brive àti Pontypridd?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń béèrè jù, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ láìfi epo kún iná.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, Pontypridd láti Wales lọ bá Brive nílé. Ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí pápá, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Rẹfirí fún Lionel Mallier ti Brive àti Dale McIntosh ti Pontypridd ní káàdì pupa. Brive borí 32 sí 31. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá a ò bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn eléré ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé nílé ọtí kan tó ń jẹ́ Bar Toulzac láàárín ìlú Brive, ìjà náà sì tún bẹ́. Àwọn kan farapa, ọlọ́pàá sì wọ̀ ọ́.

Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún pàdé, ní Wales lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn gbogbo èèyàn kò balẹ̀. Wọ́n gbá ọ̀mì 29 sí 29, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì gbá. Lẹ́yìn èyí, Brive ṣe ipò kejì, Pontypridd sì jẹ́ ẹni tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta. Eré àfikún tún da àwọn méjèèjì pọ̀. Brive borí 25 sí 20.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjà yẹn ló sọ ọdún náà di mánigbàgbé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi àwọn eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lélẹ̀ á rí i pé àmì mẹ́fà péré ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Pontypridd, ìlú kékeré nínú àfonífojì tí wọ́n ti ń wa èédú, fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹni tó di ife mú jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn mí pé ilé ọtí ni wọ́n fi ń rántí wọn.

Báwo ni Bath ṣe ṣe nínú ìsọ̀rí yẹn?

Wọ́n ṣe ipò kìíní. Eré kan ṣoṣo ni wọ́n pàdánù nínú mẹ́fà, ìyẹn èyí tí wọ́n lọ gbá ní Brive. Bath náà ti borí Brive nílé tiwọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn méjèèjì dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n máa pàdé láàárín oṣù márùn-ún. Kò sí ohun tí ẹnìkan fẹ́ fi pamọ́ fún ẹnìkejì mọ́.

Ta ni ó yẹ kó gba ife náà lójú àwọn èèyàn lákòókò yẹn?

Wasps ni ọ̀pọ̀ ń wò. Wọ́n borí nínú gbogbo eré mẹ́fà tí wọ́n gbá nínú ìsọ̀rí wọn, Lawrence Dallaglio sì ni balógun wọn. Leicester náà dẹ́rù bani: nínú eré àfikún, wọ́n na Glasgow 90 sí 19. Toulouse sì ni Toulouse.

Ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ fọ́ gbogbo ìṣirò yẹn. Brive lọ bá Wasps ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì borí 25 sí 18. Leicester tó ti gba àmì 90 lọ sí Pau, lẹ́bàá òkè Pyrenees, Pau sì na wọ́n 35 sí 18. Toulouse na Harlequins 51 sí 10. Bath gba Cardiff lálejò, wọ́n borí 32 sí 21. Cardiff yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Llanelli jáde 24 sí 20 nínú eré àfikún ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ hàn kedere pé ẹgbẹ́ Faransé mẹ́ta ló wà nínú mẹ́rin tó kù, Bath sì dá wà.

Àwọn eré tó ṣáájú àṣekágbá?

Bath gba Pau nílé, 20 sí 14. Eré tó le ni, kò sì lẹ́wà púpọ̀.

Èyí tó yẹ ká sọ ni ti Toulouse àti Brive. Wọ́n gbá a títí ìṣẹ́jú 80 fi pé, wọ́n fi àfikún àsìkò kún un, 22 sí 22 ló ṣì jẹ́. Òfin ìdíje sọ pé ẹgbẹ́ tó bá gba tiráì jù ni kó kọjá, Brive ló sì ní tiráì tó pọ̀ jù. Báyìí ni Toulouse ṣe jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àmì borí wọn. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn ará Toulouse, ṣùgbọ́n mo rò pé òfin náà dára. Ẹgbẹ́ tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ló yẹ kó jèrè rẹ̀.

Ẹ sọ àṣekágbá náà fún wa bó ṣe lọ.

Pápá Lescure ní Bordeaux ni. Èèyàn 36,500 ló wà níbẹ̀, àwọn ará Brive sì pọ̀ nínú wọn, torí ọ̀nà kò jìn sí wọn. Jim Fleming ará Scotland ni rẹfirí.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ fún Bath: Jonathan Callard lẹ́yìn pátápátá, Ieuan Evans àti Adédayọ̀ Adébáyọ̀ ní etí méjèèjì, Guscott àti Phil de Glanville láàárín, Catt àti Nicol ń darí eré. Níwájú, Dave Hilton, Mark Regan àti Victor Ubogu ni ìlà àkọ́kọ́, Martin Haag àti Nigel Redman ti wọn lẹ́yìn, lẹ́yìn náà Nathan Thomas, Richard Webster àti Dan Lyle.

Ìdajì àkọ́kọ́, Brive ló ni ín. Ní gbogbo ìgbà tí Bath bá ṣẹ̀ sófin, Lamaison á gbá pẹnáritì wọlé. Márùn-ún ló gbá wọlé. Callard gbá méjì. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, 15 sí 6 ni.

Lẹ́yìn ìsinmi ni àwọn ìṣẹ́jú tí mo ka sí ọkàn gbogbo sáà náà dé. Brive gbé eré dé iwájú ìlà Bath, wọ́n sì rí scrum gbà níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ni wọ́n nílò láti ti àwọn Bath wọ inú ilé tiwọn, kí wọ́n sì fi tiráì pa ẹjọ́ náà rẹ́. Àwọn mẹ́jọ Bath dúró. Ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀yìn ń tẹ̀, ọrùn ń wọ́, síbẹ̀ wọn ò sún. Ubogu wà ní ìlà iwájú yẹn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bath bọ́ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ kí àmì kan wọlé.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀mí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ díẹ̀. Callard gbá pẹnáritì kẹta. Lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ló gba tiráì kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà, ó sì gbá àmì méjì tó tẹ̀lé e. Bath 16, Brive 15. Alain Penaud kò gbà: ó fi drop dá a padà sí 18 sí 16. Bó ṣe kù díẹ̀ kí àkókò tán, Bath rí pẹnáritì gbà. Callard gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá a wọlé. 19 sí 18. Brive ṣì rí àyè láti gbá bọ́ọ̀lù sí òpó kí rẹfirí tó fọn fèrè ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kò wọlé.

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti láti gbogbo erékùṣù Bìrìtìkó, tó gba ife náà nìyẹn.

Callard ló gba gbogbo àmì 19. Kí wá ni Adébáyọ̀ àti Ubogu ṣe?

Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí pẹ̀lú ohùn tó fi hàn pé ẹni tó bi mí ti dá ẹjọ́. Òótọ́ ni, tiráì, pẹnáritì, gbogbo rẹ̀, orúkọ Callard ló wà nídìí wọn. Ẹni tó bá ka èsì nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì lè rò pé òun nìkan ló wọ pápá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àmì ti wá. Pẹnáritì kì í já látọ̀run. Scrum tó dúró ṣinṣin àti ìkọlù tó le ló ń mú kí alátakò ṣẹ̀ sófin. Ká ní prop Bath kan yẹ̀ ní iwájú ìlà wọn lẹ́yìn ìsinmi, 20 sí 6 tàbí 22 sí 6 ni eré ì bá jẹ́, tiráì Callard kì bá sì já mọ́ nǹkan kan. Ní ti Adébáyọ̀, ẹ rántí pé àwọn ẹlẹ́yìn Brive ni wọ́n fi gba ife lọ́dún tó ṣáájú. Nínú àṣekágbá yìí, tiráì òdo ni Brive gbà. Etí pápá méjèèjì ni wọ́n sábà ń gbà wọlé. Wíngà Bath méjì ló ti ilẹ̀kùn náà, ọmọ Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé àwa fẹ́ràn ẹni tó gba góòlù. Orúkọ rẹ̀ la fi ń kọrin. Ṣùgbọ́n nínú rọ́gíbì, ẹni tó ń wo àkọsílẹ̀ àmì nìkan kò tíì wo eré rárá.

Ṣé kì í ṣe Brive ló yẹ kó borí?

Àwọn ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù jù fún ìdajì eré, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àǹfààní láti gba tiráì, wọn ò gbà á. Bath ní ọ̀kan, wọ́n lò ó.

Kí ló dé tí wọ́n fi bí àwọn eléré yìí ní Nàìjíríà, tí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó yẹ kó hàn sí wa pé Adébáyọ̀ àti Ubogu ti Devon kan náà jáde, láti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń gbé inú ọgbà. Láwọn ọdún yẹn, àwọn ìdílé Nàìjíríà tó lágbára máa ń rán ọmọ wọn lọ kàwé lókè òkun, ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì rèé, rọ́gíbì ni eré ìgbà òtútù. Ọmọ tó ń sáré, tí ara rẹ̀ le, kò lè sá fún un. Wọ́n ń gbá rọ́gíbì ní Nàìjíríà náà. Black Stallions ni orúkọ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1980, kò sí ọ̀nà tààrà láti pápá kan ní Ìbàdàn dé àṣekágbá ní Bordeaux.

Àwọn wo nínú tiwa ló tẹ̀lé wọn?

Wọ́n pọ̀. Topsy Ojo ti London Irish gba tiráì méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Auckland, lọ́dún 2008, níwájú New Zealand. Maro Itoje, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, gba ife Yúróòpù yìí kan náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú Saracens, ní 2016, 2017 àti 2019, ó sì ṣe balógun British and Irish Lions lọ sí Ọsirélíà lọ́dún 2025. Nígbà tí Itoje ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà kì í gba ife yẹn.

Ṣé Bath gbèjà ife náà lọ́dún tó tẹ̀lé e?

Rárá, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù nípa gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń fa owó àti agbára láàárín ara wọn, nígbà tó sì di sáà 1998 sí 1999, àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, wọn ò kópa. Bath gba ife, wọn ò sì láǹfààní láti gbé e lọ sórí pápá kankan láti dáàbò bò ó. Ulster ló gbà á, ní Dublin, wọ́n borí Colomiers 21 sí 6. Mi ò gba nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ Ulster. Àwọn tó wá ni wọ́n nà. Àwọn eléré Bath ló jìyà ìjà tí kì í ṣe tiwọn.

Ìdíje náà ṣì wà?

Ó wà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti di Champions Cup láti ọdún 2014, àwọn ẹgbẹ́ Gúúsù Áfíríkà sì ti wọ inú rẹ̀. Bordeaux gan-an, ìlú tí àṣekágbá 1998 ti wáyé, gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí wọ́n borí Northampton 28 sí 20 ní Cardiff. Damian Penaud, tó gba tiráì 14 nínú ìdíje ọdún yẹn, ọmọ Alain Penaud ni. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbá drop yẹn.

Bath ńkọ́? Ṣé wọ́n tún ti gbà á?

Wọn ò tíì gbà á mọ́. Wọ́n gba ife kejì Yúróòpù, Challenge Cup, ní 2008 àti 2025, wọ́n sì padà di olórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí wọ́n borí Leicester 23 sí 21 ní Twickenham. The Rec ṣì ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọn.